Ẹni Tí Ẹnjiníà Ní Òun Kò Mọ̀

Kò tíì mọ ìwé kà rárá tí wọ́n ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Bírikìlà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, bàbá kò sì rí ẹni tí yóò fi í tì, ló bá ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Orí òkìtì iyanrìn ni ọmọ náà máa ń jókòó sí, tí á máa da ìbéèrè bo gbogbo èèyàn. Kí ló dé tí ògiri kì í wó? Ta ló sọ fún bíríkì pé kó dúró? Àwọn lébìrà á rẹ́rìn-ín títí, wọn á ní, "Ẹ bi Ẹnjiníà wa o, òun ló mọ̀ ọ́n." Orúkọ náà bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó sì gba orúkọ náà gbọ́ jù ni bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, orí ẹ̀kọ́ ọmọ yìí ló ń kó o lé, títí tó fi já bọ́ láti orí pákó lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lókè òkun gba Ẹnjiníà pé kó wá kọ́ nípa afárá àti ilé gíga, gbogbo àdúgbò ló bá wọn yọ̀. Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sin ín. "Ìwé lo bá lọ," ó ní. "Má jẹ́ kí iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣiṣẹ́, kí ni yóò jẹ? Òfin ìlú náà gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá láyè láti ṣiṣẹ́, àmọ́ wákàtí tó gbọ́dọ̀ ṣe lọ́sẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń padà sílé. Ẹnjiníà kọ ìwé síbí, ó kọ ìwé sọ́hùn-ún. Ibi kan ṣoṣo tó dá a lóhùn ni ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ gan-an. Abọ́ ni wọ́n fẹ́ kó máa fọ̀.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìjẹun ni yàrá ìfọbọ́ wà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń bú ramúramù, tó ń gbé abọ́ mì lápá kan, tó ń pọ̀ ọ́ jáde lápá kejì pẹ̀lú ooru tó ń ṣu ojú dígí. Lára ògiri, wọ́n dá fèrèsé kékeré kan sí, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ti tíréè wọn wọlé bí wọ́n bá jẹun tán. Ẹnìkan á dúró ti fèrèsé, á máa ha ìjẹkù dànù, á máa to abọ́. Ẹnì kejì á máa kó abọ́ gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ó ti ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń bá abọ́ jà nídìí ẹ̀rọ. "Ìwọ yìí, ṣé o ò ní gbẹ ni? Kí ni mo fi ṣe ọ́ gan-an?"

Yorùbá pọ́ńbélé! Ẹnjiníà pa bàtà tì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọkùnrin náà yíjú padà, abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Haà! Dìde, dìde, ọṣẹ wà nílẹ̀ yẹn. Ọmọ ta nìyí? Ta ló rán ọ sí mi?"

Ọkùnrin tó ti lé díẹ̀ láàádọ́ta ọdún ni, irun orí rẹ̀ ti ń funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti wú nínú omi. Bọ̀ọ̀dá Kógbẹ ni gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti gba yàrá náà kọjá ń pè é, nítorí "Jẹ́ kó gbẹ!" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ látàárọ̀ títí iṣẹ́ fi máa parí. Òun náà, ìwé ló bá wá, ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Ó fẹ́ di ẹni tó ń wọn ilẹ̀.

"Mo ní kí n kàn ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i ni," ó sọ fún Ẹnjiníà lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sórí kéréètì láti sinmi. "Ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lọ kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ojú ń tì mí láti lọ nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ nù nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lé mi o. Èmi ni mi ò padà lọ." Ó fẹ́ obìnrin ìlú náà, ó rí ìwé ìgbélùú, obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Abọ́ ló kù tí wọ́n jọ ń gbé.

Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi wà lára aago ògiri ju ti olórí ìdáná lọ. Bí wákàtí Ẹnjiníà bá ti pé, Bọ̀ọ̀dá á fa ìbọ̀wọ́ rọ́bà yọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbé ọwọ́ kúrò nínú omi. Lọ kàwé."

"Bọ̀ọ̀dá, abọ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo jẹ oúnjẹ inú wọn ni? Mo ní kó o máa lọ."

Lásìkò ìdánwò, òun nìkan á ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, á sì sọ fún olórí ìdáná pé orí ń fọ́ ọmọ náà. Oúnjẹ tó bá kù, tó sì dáa, á wé e pamọ́ fún un. Bí bàbá bá pe Ẹnjiníà lórí fóònù lọ́sàn-án Sátidé, Ẹnjiníà á gbé fóònù fún Bọ̀ọ̀dá.

"Àbúrò mi," bàbá á ní, "ẹ bá mi mójú tó o o."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Níbi tí mo wà yìí, kò ní sọnù."

Láìpẹ́, àwọn méjèèjì ti gba nọ́ńbà ara wọn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro àti orúnkún dídùn títí, Ẹnjiníà ò ní mọ̀.

Ohun kan ló wà tí Ẹnjiníà kò jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́, ọmọ ìlú náà kan tí wọ́n jọ ń jókòó, tí òun ń pè ní Onígíláàsì nítorí awò ojú rẹ̀, bi í léèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

"Ó ń kọ́ ilé."

"Áà! Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ló ní?"

Ó yẹ kó ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Ẹ̀rín yẹn di bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni náà sì ń bímọ. Kó tó di oṣù kejì, bàbá Ẹnjiníà ti ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ, ó ti ní katakata tó ń gbẹ́lẹ̀, òun ló sì ń sanwó ohun gbogbo. Báwo wá ni ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa dúró ní fèrèsé, tí á máa ha ìjẹkù àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dànù?

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa dúró nídìí ẹ̀rọ. Ojú ń tì mí díẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni."

Bọ̀ọ̀dá wò ó. "Ó dáa. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Màá dúró síbẹ̀ títí ojú á fi kúrò ní títì ọ́."

Ojú kò kúrò ní títì í. Odidi ọdún méjì àti ààbọ̀ ni Bọ̀ọ̀dá fi dúró sójú fèrèsé yẹn. Ó tilẹ̀ mọ Onígíláàsì. Tó bá ti rí i tó ń bọ̀, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ẹnjiníà á sá sẹ́yìn ẹ̀rọ. Wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín. Eré ni Bọ̀ọ̀dá pè é.

Ní ọdún kẹta, Ẹnjiníà ya àwòrán afárá kékeré kan fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó sì gba ipò kìíní nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní wọn yóò fi oúnjẹ ọ̀sán yẹ́ àwọn tó gba ẹ̀bùn sí ní gbọ̀ngàn ìjẹun; Onígíláàsì náà wà lára wọn. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì ìpè méjì fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹnjiníà gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ yípo fún ọjọ́ mélòó kan. Ó mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ó ń rí Bọ̀ọ̀dá lọ́kàn tó jókòó ti ọ̀jọ̀gbọ́n wọn àti àwọn òbí Onígíláàsì, tó ń sọ̀rọ̀ bírikìlà tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó fi káàdì náà sáàárín ìwé, ó pa ìwé dé.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní àwọn ò gba àlejò."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bọ̀ọ̀dá ronú díẹ̀. Ojú rẹ̀ bá tún là. "Kò burú. Tí wọ́n bá ṣáà ti jẹun, ẹnìkan á kó abọ́. Màá ní kí wọ́n fi mí síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ni màá ti wò ọ́."

Ẹnjiníà kò ronú kan ìyẹn.

Ọjọ́ pé. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó padà síjòkòó láàárín ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹbí Onígíláàsì. Àga méjì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣètò tábìlì ti lẹ ìwé pélébé mọ́ àga méjèèjì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé àlejò rẹ̀ ló ni wọ́n. Bàbá Onígíláàsì ń bi í bóyá iṣẹ́ pọ̀ fún ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́dún yìí, ó sì ń dáhùn, nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí.

Bọ̀ọ̀dá Kógbẹ ló ń ti kẹ̀kẹ́ ìkóbọ́ bọ̀. Ó so épúróònù iṣẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀wù funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, táì pupa sì wà lọ́rùn. Bí ojú rẹ̀ ti ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Ẹnjiníà, ó gbàgbé kẹ̀kẹ́, ó gbàgbé iṣẹ́.

"Ẹnjiníà! Ẹnjiníà wa! Ọmọ bàbá ẹ lóòótọ́!" Ó la apá méjèèjì, ó ń bọ̀.

Gbogbo tábìlì yíjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, ó fi èdè ìlú wọn bi í pé, "O mọ ọkùnrin yìí ni?"

"Rárá," ni Ẹnjiníà wí. "Ó jọ pé ó ṣì mí mú."

Títí di òní, ó gbà pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn sá jáde lẹ́nu òun ni, òun kò rán an. Ṣùgbọ́n èkejì ńkọ́? Òun ló rán ìyẹn.

Èdè tí Bọ̀ọ̀dá ti ń gbọ́ fún ohun tó lé lógún ọdún ni. Apá rẹ̀ wálẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sórí àga méjì tó ṣófo, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn, ó kà á tán. Ó wá kọjú sí ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fi èdè náà bẹ̀bẹ̀ pé kó má bínú, pé ojú òun kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lẹ́yìn náà ló wo Ẹnjiníà, ó fi Yorùbá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú, sà. Mo ṣì yín mú ni."

*Ẹ* má bínú. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọgbọ̀n ọdún jù ú lọ. Bọ̀ọ̀dá kó abọ́ wọn, ó kó ti iwájú Ẹnjiníà náà mọ́ ọn, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wọlé lọ. Ó ṣe Ẹnjiníà bíi kó dìde tẹ̀ lé e. Kò dìde. Wọ́n gbé ìpápánu wá, ó sì jẹ ẹ́.

Bí ó ti dé yàrá rẹ̀ ni fóònù dún. Bàbá ni. Ohùn rẹ̀ ń jó. "Ẹnjiníà! Ó ti parí? Àbúrò mi ńkọ́, ṣé ó gbádùn ara rẹ̀? Ó pè mí níjẹta, ó ní irú táì wo ló yẹ kóun wọ̀. Mo ní kó wọ pupa. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé òun á wà níbẹ̀ dípò mi."

Ẹnjiníà jókòó sétí ibùsùn. "Ó gbádùn rẹ̀, Bàbá."

"O ṣeun o. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Kò fi ṣẹ̀sín o. Bí èèyàn ṣe ń kí ọ̀gá ló ṣe kí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe pè yín?" Ó tẹ ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo inú yàrá.

Láti ọjọ́ náà, ohun gbogbo ń lọ bó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dun Ẹnjiníà. Oúnjẹ tí wọ́n wé pamọ́ ṣì ń dúró dè é. Bọ̀ọ̀dá ṣì ń dúró sójú fèrèsé, ó ṣì ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kì í fa ìbọ̀wọ́ yọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ní, "Wákàtí yín ti pé, sà," á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, Ẹnjiníà fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ dúró ní fèrèsé fúnra rẹ̀. Onígíláàsì dé, ó gbé tíréè sílẹ̀, ó rí i.

"Áà, o ń ṣiṣẹ́ níbí? Ó dáa o. Ọmọ ìyá mi náà ń wá irú rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ohun tó ti ń sá fún láti ọdún méjì àti ààbọ̀, tó tìtorí rẹ̀ sẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lójú ayé, kò ju ìyẹn lọ. Ó bojú wẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé abọ́ kan sókè síbi iná, ó ń wò ó bóyá ó ti gbẹ.

Ẹnjiníà ní òun á bá a sọ̀rọ̀ tí ìdánwò bá parí. Ìdánwò parí, ilé-ẹ̀kọ́ rán an lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá. Ó ní òun á bá a sọ ọ́ tóun bá dé. Nígbà tó dé, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló bá nídìí ẹ̀rọ.

"Orúnkún rẹ̀ ni," olórí ìdáná sọ fún un. "Dókítà ní kó má dúró pẹ́ mọ́. Ó ti kó lọ sí ìlú kan létí òkun, ilé ibẹ̀ dínwó."

"Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún mi?"

"Rárá."

Nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́, á tún pa á kó tó dún. Oṣù ń gun orí oṣù. Ojú tó ń tì í nítorí ohun tó ṣe tún wá ń tì í nítorí pé ó pẹ́. Ó gboyè jáde, ó ríṣẹ́, ó gbéyàwó, ó bímọ. Tí bàbá bá bèèrè Bọ̀ọ̀dá, á ní, "Ó wà dáadáa," nítorí ó mọ̀ pé àwọn méjèèjì ṣì ń pe ara wọn, bàbá kì bá ti ṣàìsọ bí nǹkan bá ṣe é.

Ọdún mẹ́fà kọjá báyìí. Bàbá wá kí wọn. Kò sinmi fún ọjọ́ méjì tó fi ní, "Mú mi lọ rí àbúrò mi."

"Ibẹ̀ jìnnà, Bàbá. Ẹ̀yìn yín—"

"Ẹ̀yìn mi ni mo gbé wá láti ilé. Mú mi lọ."

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Yàrá kan ṣoṣo ni Bọ̀ọ̀dá ń gbé, nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ti fi aṣọ bo ìjókòó méjì, ó ti se tíì sílẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, omi lé ròrò sí i lójú.

"Àbúrò mi, ẹ bá mi ṣe bàbá lọ́jọ́ tí mi ò sí ńbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá wo Ẹnjiníà lẹ́ẹ̀kan. Ẹnjiníà wolẹ̀.

"Háà, ọjọ́ náà dára, Bàbá," Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀. "Kóòtù dúdú ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wọn, gbogbo ilé ló pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló bọ̀ wọ́n lọ́wọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ń pe ọmọ yín ní 'wọn'?" Bàbá ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti di ọ̀gá, Bàbá. Ẹnjiníà kì í ṣe ẹgbẹ́ wa mọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn mú. Ó ní kó tún un sọ. Bọ̀ọ̀dá tún un sọ, ó sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, bàbá wọ ilé ìwẹ̀. Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ dìde. Bàbá yín ń bọ̀."

"Màá sọ fún wọn lónìí. Màá sọ gbogbo rẹ̀."

"Ká ní ẹ sọ ọ́," Bọ̀ọ̀dá fi ọ̀pá tilẹ̀ díẹ̀, "ara tiyín á fúyẹ́. Tiwọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí arúgbó máa bá ayọ̀ rẹ̀ lọ."

"Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

Bọ̀ọ̀dá mi orí. "Mi ò bínú. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mi ò bínú. Ó rẹ̀ mí ni. Mo wọ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo ń tú táì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ọmọ kan wà tó máa jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò wá sílùú yìí lásán. Mo wá rí i pé èmi nìkan ni mò ń sọ ọ́." Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ dún. Ó yíjú síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ rọra o, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ yẹn."

Bàbá padà sílé, ó sì ti ròyìn ọjọ́ náà fún gbogbo àdúgbò, pẹ̀lú iyọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá fi sí i àti èyí tí òun náà bù kún un. Ẹnjiníà kò sọ nǹkan kan fún un. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, kò dá a lẹ́bi, kò sì bá a wá àwáwí.

Ní báyìí, gbogbo Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ló máa ń pe Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá máa ń gbé fóònù náà. Wọ́n á sọ̀rọ̀ orúnkún, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Bọ̀ọ̀dá á béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á kí ìyàwó, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó pè. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pẹ́ tán. Nígbà tó pè é kẹ́yìn, òjò ń rọ̀ níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì ti wọ bàtà, ó ń dúró kó dá kó lè lọ ra búrẹ́dì.